Wọ́n Ní Kí Ẹ Wá Yẹ Pépà Ẹlẹgbẹ́ Yín Wò: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É Nìyí

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. NEPA ti mú iná lọ ní Kúbwà, l'Ábújá níbí, mo jókòó síwájú ilé, mò ń fi páálí fẹ́ ara mi, ni WhatsApp mi bá dún. Àbúrò mi kan ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì kan lápá Òkè Ọya níbí. Ó ya fọ́tò ímeèlì kan ránṣẹ́, ó ti fi dúdú bo àkọlé iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé yahoo nìyí àbí òótọ́ ni?"

Jọ́nà kan, ìyẹn ìwé ìròyìn tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, ló ní kó bá àwọn yẹ pépà kan tí olùwádìí kan kọ wò kí àwọn tó mọ̀ bóyá àwọn máa tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ yìí ni gbogbo wa ń pè ní rífíù. Ìbéèrè rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní in nígbà tá à ń ṣe PhD. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ pépà tiwa. Ti bí a ṣe ń ka tẹlòmíràn, ńṣe ni oníkálukú fi iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni kọ́ ọ, bí ọmọṣẹ́ onígbàjámọ̀ ṣe ń fi orí aláìlówó kọ́ irun gígẹ̀. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo tún tò síbí, mo sì fi díẹ̀ kún un.

Ṣé jọ́nà gidi ni?

Ímeèlì ayédèrú pọ̀ bí eṣú. Àmì rẹ̀ ò ṣòóro mọ̀. Wọn ò ní dárúkọ yín, "ọ̀jọ̀gbọ́n àpọ́nlé" ni wọ́n á máa pè yín, kódà bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá ò ní bá ohun tí ẹ mọ̀ mu. Wọ́n á fún yín ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà míì wọ́n á tiẹ̀ ní kí ẹ san nǹkan díẹ̀ kí orúkọ yín lè wọ ìgbìmọ̀ olóòtú. Olùyẹ̀wò kì í sanwó o. (Wọn kì í sábà sanwó fún un náà, kí ẹ má lọ máa retí alert.)

Ẹ má tẹ líǹkì inú ímeèlì náà. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ orúkọ jọ́nà sí Google, ẹ wo ẹni tí wọ́n pè ní olóòtú àgbà, kí ẹ wá lọ wá a ní ojú ewé yunifásítì tí wọ́n sọ pé ó wà. Bó bá jẹ́ jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wò ó nínú DOAJ, àkójọ orúkọ irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ti wà láti 2003. Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ kọ́kọ́ yà sí AJOL, ìkànnì tó kó àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ. Bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ìyẹn nìkan ò sọ wọ́n di olè, àmọ́ ẹ ṣì ní ìwádìí láti ṣe kí ẹ tó dáhùn.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2013, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ John Bohannon hun pépà irọ́ kan tí àṣìṣe inú rẹ̀ ò ṣeé fi pa mọ́ fún ẹni tó bá kà á dáadáa, ó sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Jọ́nà 157 ló gbà á. Ìwé ìròyìn Science ló gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn jọ́nà tó dáhùn ni ò fi àmì kankan hàn pé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ kà á.

Kí ẹ tó ní "ó dáa, mo gbà"

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé ta ló kọ ọ́. Ní àwọn jọ́nà kan, ẹ máa rí orúkọ òǹkọ̀wé, òun ò ní rí tiyín. Ní àwọn míì, wọ́n á bo ojú ẹ̀yin méjèèjì. BMJ, jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láti 1999 ni olùyẹ̀wò ti ń fi orúkọ rẹ̀ sí ohun tó bá kọ. Àmọ́ ayé tiwa kéré níbí, ìbòjú ò fi bẹ́ẹ̀ bo nǹkan kan. Bí ẹ bá rí i pé Sámárù ní Zaria ni wọ́n ti bu iyẹ̀pẹ̀, pé ìgbìmọ̀ kan níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì tọ́ka sí iṣẹ́ èèyàn kan ṣoṣo nígbà mọ́kànlá, ṣé ẹ ò tíì mọ ilé ẹni tó kọ ọ́?

Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún olóòtú. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti jọ kọ pépà láìpẹ́, tàbí ẹ jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, tàbí òun ló kọ́ yín, tàbí ẹ jọ ń du ipò kan náà, ẹ má gbà á. Bí ẹ̀yin náà bá sì ń ṣe irú ìwádìí yẹn lọ́wọ́, tí ẹ fẹ́ tètè tẹ tiyín jáde, ẹ jẹ́ kí olóòtú gbọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tó wà nínú yín, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá olóòtú wò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àkókò yín. Èmi máa ń lo wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lórí pépà kan, mo sì máa ń pín in sí ọjọ́ méjì. Bí ẹ ò bá ráàyè, ẹ kọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì, kí ẹ dárúkọ ẹni méjì míì tó mọ̀ nípa rẹ̀. Kíkọ̀ kì í ṣe àrífín. Àrífín ni kí èèyàn gbà á, kó wá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń dúró de pépà yẹn kó tó lè fi wọ ìgbéga. Bó bá sì jẹ́ apá kan nìkan lẹ mọ̀, ẹ lè gbà á, kí ẹ sọ pé ẹ máa wo ti kòkòrò àìfojúrí, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa wo ìṣirò.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo jẹ́ tí màá máa yẹ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n wò?" Mo sọ ọ̀rọ̀ Einstein fún un. Ní 1936, òun àti Nathan Rosen fi pépà ránṣẹ́ sí Physical Review, wọ́n ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ìgbì òòfà, ìyẹn gravitational waves. Olóòtú fún ẹnìkan ní iṣẹ́ náà kà, ẹni yẹn sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Inú bí Einstein. Ó kọ̀wé pé òun fi pépà ránṣẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ ni, òun ò fún wọn láṣẹ láti fi han ẹnikẹ́ni. Ó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó gbé e lọ sí jọ́nà míì. Àmọ́ kí ìyẹn tó jáde, ó ti yí àbájáde rẹ̀ padà, torí olùyẹ̀wò náà, H. P. Robertson, ló jàre. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìyẹn ìgbà tí rífíù ò tíì di dandan kiri o. Jọ́nà Nature pàápàá ò sọ ọ́ di òfin títí di 1973.

Nígbà tí fáìlì bá ti wọlé

Iṣẹ́ tí wọn ò tíì tẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn láti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ká tó kà á, pẹ̀lú bí iná ṣe rí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí business centre, inú flash ni kí ẹ ti ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó wà níbẹ̀ gbé e sórí desktop rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yunifásítì kan, mo ti rí kọ̀ǹpútà kan tí thesis, ìbéèrè ìdánwò àti ìwé ìgbéyàwó jọ tò sójú rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n sá.

Ẹ má da pépà náà sínú ChatGPT kó bá yín kà á. Ẹ ti fún ilé iṣẹ́ míì ní ohun tí kì í ṣe tiyín nìyẹn. Ní oṣù kẹfà 2023, NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, fòfin dè é fún àwọn tó ń yẹ ìwé ìbéèrè owó ìwádìí wò, ọ̀pọ̀ jọ́nà náà sì ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ tí ẹ ń kọ́ bá yín kà á kóun náà lè kọ́ṣẹ́, ohun tó dáa ni, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ olóòtú, kí ẹ sì fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe gbà nígbà tí àbúrò mi ní kí n bá òun yọjú wo inú pépà náà fẹ́ẹ́rẹ́.

Kíkà

Ẹ kọ́kọ́ kà á láìmú bírò dání. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ pa á dé, kí ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta: kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kí ni wọ́n ṣe, kí ni wọ́n rí. Bí ẹ ò bá lè kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti rí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún wọn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fo ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Màá fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Èmi ni mo hun ún, torí iṣẹ́ tí mo ti yẹ̀ wò rí kò ṣeé tú síta.

Ẹ jẹ́ ká ní àwọn kan lọ bu omi kànga 40 ní Gwagwalada, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Wọ́n wá E. coli, kòkòrò àìfojúrí tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ omi, nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé kànga 27 ló ní in, ìyẹn ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n bi ìyá 20 léèrè bí omi náà ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí, kí wọ́n fi máàkì láti 1 dé 5 dáhùn, wọ́n sì ní ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3.47. Ní ìparí, wọ́n ní àwọn ti mọ bí omi tí àwọn ará Gwagwalada ń mu ṣe rí yíká ọdún.

Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín. 27 nínú 40 jẹ́ ìdá 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún wá wo 74 náà fúnra rẹ̀: kànga 29 á fún wa ní 72.5, kànga 30 á fún wa ní 75. Kò sí iye kànga tó lè bí 74 nínú 40. Torí náà, ó ní láti jẹ́ pé kànga náà ò pé 40, tàbí wọ́n ṣì í kọ, tàbí nǹkan míì. Ó di dandan kí ẹ bi wọ́n.

Ẹ tún wo 3.47. Odidi ni máàkì tí ìyá kọ̀ọ̀kan fún wọn, torí náà àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. 69 tí a pín sí 20 jẹ́ 3.45. 70 tí a pín sí 20 jẹ́ 3.50. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. 3.47 ò lè wáyé láéláé, àfi bí àwọn ìyá kan ò bá dáhùn. Nick Brown àti James Heathers ló sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, GRIM ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ìṣirò ọmọ praímárì ni, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àmọ́ ó máa ń yà mí lẹ́nu iye àtẹ tó máa ń wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ibi tó kù ni ibi tí ilẹ̀ tí ẹ ń gbé ti máa ràn yín lọ́wọ́. Oṣù kejì àti ìkẹta, ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń gbé Gwagwalada mọ̀ pé nínú oṣù kẹjọ, odò Usuma á kún, àgbàrá á gbé ohun inú ṣálángá wá sẹ́nu kànga. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ọdún? Ẹ sì tún bi wọ́n: ta ló sọ pé omi kànga ni wọ́n ń mu? Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa níbí, lọ́wọ́ mai ruwa ni wọ́n ti ń ra omi, nínú kẹ́ẹ̀gì tó ń tì nínú bárò, bọhóòlù ló sì ti ń pọn ọ́n. Omi kànga, aṣọ ni wọ́n fi ń fọ̀. Olùyẹ̀wò tó jókòó sí London ò lè mọ èyí. Bóyá torí ẹ̀ gan-an ni olóòtú ṣe wá yín kàn.

Àwọn nǹkan tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Bí wọ́n bá bá èèyàn sọ̀rọ̀ tàbí gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ wá nọ́mbà ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ń ṣèwádìí. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàbójútó wọn, tó wà l'Ábújá níbí. Ẹ mú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú àwọn tí wọ́n tọ́ka sí, kí ẹ wá wọn lórí Google Scholar. Láyé AI yìí, ẹ máa rí ìwé tó ní orúkọ, ọdún àti ojú ìwé, tí kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ rí.

Kíkọ ìròyìn yín

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe rífíù, mo kọ ojú ìwé mẹ́ta. Kọ́mà tí kò sí níbi tó yẹ, "is" tó yẹ kó jẹ́ "are", lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré. Inú mi dùn sí ara mi. Lẹ́yìn oṣù kan, olóòtú fi èsì gbogbo wa ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ìlà méjìlá péré ni olùyẹ̀wò kejì kọ. Ó béèrè pé, gbogbo eku tí wọ́n fún ní àgbo yìí, àwọn eku tí wọn ò fún ní nǹkan kan dà? Kò sí. Mo ti ka pépà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí i, torí kọ́mà ni mò ń ṣọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí èdè bá rúni lójú, gbólóhùn kan ni mo fi ń sọ ọ́, màá sì kọjá.

Bí mo ṣe ń tò ó nìyí. Gbólóhùn mẹ́ta tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan ló máa síwájú, kí òǹkọ̀wé lè mọ̀ pé ẹ ka iṣẹ́ òun. Ẹ wá sọ ohun tó dáa níbẹ̀, bó bá wà. Ẹ má parọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sùn ńlá, pẹ̀lú nọ́mbà, kó lè rọrùn fún wọn láti dáhùn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sùn kéékèèké ló máa gbẹ̀yìn.

Èdè Òyìnbó la fi ń kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ni mo fi ń rò ó, mo sì ní ìdí. Gbólóhùn tí mi ò bá lè fi "ẹ" sọ lójú òǹkọ̀wé, mi ò ní kọ ọ́. Òyìnbó ní "you" kan ṣoṣo fún ọmọdé àti àgbà, ojú kì í sì í ti èèyàn lẹ́yìn ìbòjú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. "Iṣẹ́ yìí ò wúlò, ó dà bíi pé òǹkọ̀wé ò lọ ilé ìwé." Ẹ fi "ẹ" sí i: "Ẹ ò wúlò, ẹ̀yin ò lọ ilé ìwé." Ṣé ẹ lè sọ ọ́ fún ẹni tó lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ yín? Ẹ wá wo èyí: "Ní ojú ìwé 5, ẹ ní kànga 27 nínú 40 ló ní kòkòrò náà, ẹ sì pè é ní ìdá 74. Ìṣirò tiwa fún wa ní 67.5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àtẹ náà yẹ̀ wò, kí ẹ sì jẹ́ ká mọ iye kànga gan-an." Ẹ̀sùn náà ò dínkù níbì kankan. Ó tiẹ̀ le jù, torí kò sí ibi tí òǹkọ̀wé lè sá sí. Ó sì mọ ohun tó máa ṣe bó bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ má fi tipátipá ní kí wọ́n tọ́ka sí pépà yín. Bí ó bá yẹ lóòótọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bó bá ti di mẹ́ta, mẹ́rin, olóòtú ti mọ̀ yín.

Ohun tí olóòtú nìkan máa rí

Àpótí kan máa wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí òǹkọ̀wé ò ní rí. Ibẹ̀ lẹ máa sọ pé kí wọ́n gbà á, kí wọ́n jẹ́ kí ó tún un ṣe díẹ̀, kó tún un ṣe púpọ̀, tàbí kí wọ́n dá a padà. Ẹ má kọ ìdájọ́ yìí sínú èyí tí òǹkọ̀wé máa kà, torí olóòtú ló ni ìpinnu, ẹlòmíràn sì wà tó ń kà á bíi tiyín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Bí ẹ bá fura pé wọ́n jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, tàbí pé fọ́tò kan náà ni wọ́n yí po tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì, inú àpótí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ, pẹ̀lú ẹ̀rí: ojú ìwé, ìlà, líǹkì. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ rí. Jọ́nà tó bá wà nínú COPE, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìwà títọ́ nínú títẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, ní ìlànà tó máa tẹ̀ lé láti ibẹ̀ lọ.

Ìgbà tó bá padà wá

Bí wọ́n bá dá a padà fún yín lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ ka lẹ́tà ìdáhùn wọn pọ̀ mọ́ ìròyìn tí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ohun tí ẹ sọ nígbà yẹn ni kí ẹ wò. Kí ẹ má tún máa gbé ẹ̀sùn tuntun dìde, èyí tó yẹ kí ẹ ti sọ lọ́jọ́ kìíní, àfi bó bá jẹ́ àṣìṣe tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì pé ẹ̀yin lẹ fò ó. Bí òǹkọ̀wé bá jiyàn, tí àlàyé rẹ̀ sì múná dóko, ẹ gbà fún un.

Ẹ tọ́jú ímeèlì ìdúpẹ́ wọn sínú fódà ìgbéga yín. Bí ẹ bá ní ORCID, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ olùwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè jẹ́ kí jọ́nà náà kọ ọ́ síbẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pa fáìlì pépà náà rẹ́.

Àbúrò mi fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú gbèdéke. Ó pè mí, ó ní òun ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lórí laptop. Mo ní kó wo fóònù náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín: PDF náà wà nínú Downloads, lẹ́ẹ̀mejì.